Ojú Àdùkẹ́ Lára Agolo Òrí

Obìnrin náà kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún mi. Ó kàn gbé agolo òrí náà kalẹ̀ lórí tábìlì mi, ó ṣí i, ó sì sún un sí iwájú imú mi. Ọjọ́ Sátidé ni, ní ọjà ìta gbangba tí a máa ń pàtẹ sí ní Uptown, níbi tí àwọn olówó Houston ti ń rìn gbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, tí ajá wọn pàápàá ń wọ bàtà nítorí ilẹ̀ gbígbóná.

"Ẹ gbóòórùn rẹ̀," ni ó wí.

Mo gbóòórùn rẹ̀. Òrí tó dára máa ń rùn díẹ̀, bí èéfín igi àti ẹ̀pà yíyan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í sá fún un. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jóná, ó sì tún kan. Mo fi ìka kàn án, ó rí ṣákaṣàka bí iyanrìn. Lára agolo náà, Àdùkẹ́ ń fi èjí rẹ́rìn-ín sí mi. Abẹ́ fọ́tò rẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé Àdùkẹ́ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò èyí fún ọ.

"Ọmọ mi ni mo rà á fún," ni obìnrin náà tún wí. "Ojú obìnrin yìí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo dá owó rẹ̀ padà, ó lọ. Owó kọ́ ló dùn mí. Kí n tó bi ẹnikẹ́ni léèrè ni inú mi ti mọ ẹni tó ba òrí náà jẹ́. Ẹni náà kò sí lábúlé. Uptown ló dúró sí, ó dé fìlà, ó ń tọrọ àforíjì.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìdí wá.

Òkè-Emi ni wọ́n bí mi sí, abúlé kékeré kan ní Òkè-Ògùn, níbi tí igi emi ti pọ̀ ju èèyàn lọ. A kì í gbin emi. Ọlọ́run ló gbìn ín. Tí èso rẹ̀ bá ti ń já bọ́, àwọn obìnrin á jí jáde lọ ṣà á. Àwa ọmọdé a jẹ ara rẹ̀ tó dùn, àwọn ìyá wa a kó kóró rẹ̀. Kóró yìí ni wọ́n ń sè, tí wọ́n ń sá sóòrùn, tí wọ́n ń pa, tí wọ́n ń yan, tí wọ́n ń lọ̀ títí á fi dà bí ẹrẹ̀ dúdú. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gan-an wá kàn, ìyẹn pípò. Wọ́n á da ẹrẹ̀ náà sínú ọpọ́n ńlá, wọ́n á bu omi sí i, obìnrin á kúnlẹ̀, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, á máa pò ó, á máa lù ú, títí ọ̀rá á fi funfun, tí á léfòó. Ọ̀rá yẹn ni wọ́n á ré kúrò lójú omi, tí wọ́n á sè, tí wọ́n á sẹ́. Nígbà tó bá dì, òrí dé nìyẹn.

Kò sí obìnrin tó lè dá pò ó kí apá rẹ̀ má kọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe àáró. Lónìí, gbogbo wọn á pé sí àgbàlá lágbájá, wọ́n á bá a pò tirẹ̀. Lọ́la, wọ́n á lọ sí ti tàmẹ̀dò. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yá ara wọn, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń san án. Tí òrí bá sì ti dì, kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí i pé ibi báyìí ni ọwọ́ mi dé, ibi báyìí ni tìẹ.

Ìyá Làmídì ni imú wọn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ìyá náà ti ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ iná tí wọ́n bá ń yan kóró, á dijú bí ẹni tó ń tòògbé. Àwọn yòókù á máa rò ó, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ọkọ wọn. Ṣàdédé ni ẹ óò gbọ́: "Ó tó! Ẹ gbé e sọ̀!" Tí wọ́n bá gbé e sọ̀ lójú ẹsẹ̀, òrí ọjọ́ náà á dára. Tí ẹnì kan bá ní kí òun parí ọ̀rọ̀ ọkọ òun ná, ó ti jóná. Nígbà tí agbára rẹ̀ dín kù tí kò lè pò mọ́, wọ́n ṣì ń bá a pò tirẹ̀ bí ti gbogbo wọn. Imú rẹ̀ ló fi ń san àáró.

Ọdún tí mo parí ilé ẹ̀kọ́ girama, àìsàn dá ìyá mi gúnlẹ̀. Gbogbo ìgbà emi ọdún náà, àwọn obìnrin wọ̀nyí ń wá sí àgbàlá wa, wọ́n ń bá a pò, wọ́n ń bá a sè, nígbà tí òun ò lè lọ sí tẹnikẹ́ni nínú wọn. Mo rí wọn. Mo máa ń pọn omi fún wọn. Owó òrí yẹn ló gbé mi dé ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìbàdàn, Ìbàdàn ló sì gbé mi dé Houston. Ìyá mi kò dìde nínú àìsàn náà.

Ní Houston, mo fi ọdún púpọ̀ ya àwòrán páìpù fún ilé iṣẹ́ epo kan, títí wọ́n fi ní kí àwa kan máa lọ sílé. Ọwọ́ mi dilẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, Bísí, tó ń gbé Òkè-Emi, ló fi òrí díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí n máa fi para nítorí ọyẹ́. Mo fún aládùúgbò mi kan ní Pearland, nọ́ọ̀sì ni; lọ́sẹ̀ kejì, ó mú nọ́ọ̀sì mẹ́ta wá. Ẹ̀rọ amúlétutù ilé ìwòsàn ti gbẹ wọ́n lára bí ẹja. Bí mo ṣe di olóòrí nìyẹn o. Kò pẹ́ tí mo fi gba ṣọ́ọ̀bù kékeré. Bísí ń ra òrí lọ́wọ́ àwọn obìnrin mọ́kànlá tó wà nínú àáró, ó ń kó o ránṣẹ́, èmi ń rọ ọ́ sí agolo. Agolo lásán ni, kò sí ojú ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Àwọn obìnrin náà rí owó fi kan òrùlé, wọ́n rí owó fi gbẹ́ kànga tuntun. Wọ́n wá ń pè mí sí ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè mú ìdàgbàsókè bá abúlé wa. Mo máa ń wọ agbádá lọ. Tí mo bá ti gbá gbohùngbohùn mú, ó máa ń ṣòro láti gbà á lọ́wọ́ mi.

Fáàrí yẹn ló gbé mi dé The Woodlands lẹ́yìn odi Houston, ní ṣọ́ọ̀bù ìpara ńlá kan. Obìnrin tó ni ín fi òrí náà pa ẹ̀yìn ọwọ́, ó mi orí.

"Ó dára gan-an. Ta ló ṣe é?"

"Àwọn obìnrin abúlé wa."

"Àwọn obìnrin wo?" Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn oníbàárà mi kì í ra nǹkan lọ́wọ́ abúlé. Ọwọ́ èèyàn ni wọ́n ti ń rà á. Ẹ fi ojú kan hàn wọ́n, ẹ fún wọn ní orúkọ kan."

Lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí mo ń bọ̀ wálé, mo ń sọ fún ara mi pé obìnrin yìí gbọ́n. Mo pe Bísí pé kó ya fọ́tò àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Lọ́jọ́ kejì ni ó pè mí padà.

"Bọ̀ọ̀dá mi, àwọn mẹ́wàá ti yà. Ìyá Làmídì kọ̀. Wọ́n ní kí n gbé fóònù fún àwọn."

Ohùn ìyá náà dé, ó ń gbọ̀n díẹ̀. "Àjàní, ojú mi kọ́ ló pò ó."

"Mo mọ̀, Ìyá. Àwọn òyìnbó kàn fẹ́ rí èèyàn ni."

"Èèyàn mélòó?"

"Ẹnì kan lára agolo kan, mà."

"Nígbà tí a ń pò ti ìyá rẹ, ojú ta lo rí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ẹ̀rín yẹn, nítorí èmi ò lè gbàgbé rẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ayé ti yí padà." Mo sì dágbére.

Nínú gáréèjì wa ni èmi àti Tèmi ọmọ mi ti ń lẹ ojú àwọn obìnrin mẹ́wàá mọ́ agolo. Houston ni wọ́n bí Tèmi sí. Yorùbá tó gbọ́ kò ju ti oúnjẹ, ti ìkíni àti ti ìbáwí lọ.

"Dádì, báwo lẹ ṣe mọ èyí tí Àǹtí Àdùkẹ́ ṣe?" ni ó bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì.

"Wọ́n jọ pò ó ni. Lẹ èyí tó bá wà lọ́wọ́ rẹ."

Ó wo ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí abẹ́ fọ́tò, ó wò mí. Ti ìbáwí ló lò fún mi lọ́jọ́ náà. "Ẹ ń purọ́, Dádì. Kò dáa."

"Ṣé òrí máa ń sọ̀rọ̀ ni?" ni mo dá a lóhùn. "Lẹ̀ ẹ́ jàre."

Àwọn oníbàárà wo ojú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, Àdùkẹ́ ni wọ́n yàn. Èjí Àdùkẹ́ fẹ̀, ó gba owó tọ́rọ́ kan, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń mú ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín. Ṣọ́ọ̀bù The Woodlands kọ̀wé pé kí n má kó àwọn tó kù wá mọ́. Ojú àwọn mẹ́sàn-án yòókù wà lórí pẹpẹ mi, wọ́n ń wò mí.

Ibi tí mo ti ṣìṣe jù lọ nìyí. Ọ̀rọ̀ tí Tèmi sọ ń gún mi lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ohun tí mo kọ jẹ́ òtítọ́. Dípò kí n yí ìwé ara agolo padà kó bá iṣẹ́ mu, mo yí iṣẹ́ padà kó bá ìwé ara agolo mu. Mo ránṣẹ́ sí Bísí pé kí oníkálukú máa dá pò tirẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kí Àdùkẹ́ sì máa pò ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi sọ òrí lórúkọ, n kò wolé.

Lẹ́yìn ọjọ́ ọjà Uptown yẹn, mo pe Bísí. Kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo fi ìyá wa bẹ̀ ẹ́, ó tú u sílẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, àáró ti tú. Oníkálukú ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọpọ́n rẹ̀. Àdùkẹ́ ò lè dá a pò, ó lọ mú àwọn ọmọbìnrin kan wá láti ìlú kejì, wọn ò mọ̀ ọ́n yan. Àwọn yòókù ń bú u létí kànga, wọ́n ní 'Ìyàwó òyìnbó'. Kì í bá wọn pọnmi mọ́."

"Ìyá Làmídì ńkọ́?"

"Ta ni yóò bá wọn pò? Kóró emi wọn ti ọdún tó kọjá ṣì wà nínú àpò, ó ń bu. Ti ọdún yìí ti fẹ́ẹ̀ bá a níbẹ̀. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín."

Mo jókòó sínú mọ́tò mi ní iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ní ọdún tí ìyá mi kò lè dìde, kóró rẹ̀ kò bu. Àwọn wo ni kò jẹ́ kó bu? Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ tó sọ̀yà fún mi ni mo tú ká, tí mo ń tà ní ìka kọ̀ọ̀kan ní The Woodlands. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìyá Làmídì jókòó sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí mo dé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Wọn ò ní kí n dìde kíákíá.

"Àjàní, ìdọ̀bálẹ̀ kì í pe àáró padà," ni wọ́n wí. "Ìyá rẹ jẹ wá ní àáró ọdún kan gbáko, ó kú, a ò bi í. A ò sì ní bi í. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o wà láàyè, ṣé o lápá?"

"Mo lápá, mà."

"Bọ́ agbádá yẹn. Ọ̀la la ó pò ti èmi."

Iṣẹ́ obìnrin ni. Ọkùnrin kì í ki ọwọ́ bọ ọpọ́n òrí ní Òkè-Emi. Lọ́jọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ sídìí ọpọ́n lójú gbogbo àdúgbò. A ti ṣa èyí tó bu kúrò nínú kóró, ó ju ìdajì lọ; a ti yan ìyókù, a sì ti lọ̀ ọ́. Láti fi mí ṣẹ̀sín ni obìnrin mẹ́rin ṣe wá. Bí wọ́n ṣe dúró títí nìyẹn.

"Ẹ wá wo Àmẹ́ríkà nínú ọpọ́n!"

"Ọwọ́ kọ̀ǹpútà rèé! Pò ó dáadáa, kì í ṣe pé kó o máa tẹ̀ ẹ́!"

"Ẹ rọra o, kó má lọ ya fọ́tò ara rẹ̀."

Kí oòrùn tó kan àtàrí, apá mi ti kú. Mo yọ ọwọ́, ọ̀kan nínú wọn tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ibi tí mo dé. Lọ́jọ́ kejì a lọ sí àgbàlá ẹlòmíràn, wọ́n di méje. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ìyá Làmídì gbé ọ̀pá wọn dání, tí wọ́n ní, "Lọ́la, ó kan Àdùkẹ́."



"Èmi ò lọ," ni ọ̀kan wí. "Kó pe àwọn òyìnbó rẹ̀ wá bá a pò ó."

"Ṣé òun ló ya fọ́tò ara rẹ̀ ni?" ni ìyá náà bi í. Ojú gbogbo wọn yí sí mi, ojú sì gbà mí tì.

Láàárọ̀, Ìyá Làmídì fi ọ̀pá tẹlẹ̀ ṣíwájú, èmi ru ọpọ́n tẹ̀ lé wọn. Àwa méjì péré ni. Ìlẹ̀kùn Àdùkẹ́ wà ní títì. Ó yọjú lójú fèrèsé. Ó ti gbẹ. Ká ní kì í ṣe èjí yẹn ni, n kò ní dá a mọ̀.

"Kí lẹ wá wá?"

"Àáró kàn ẹ́," ni Ìyá Làmídì wí.

"Èmi ò sí nínú àáró yín mọ́, Ìyá. Wọ́n ní mo sọ fún àwọn òyìnbó pé èmi nìkan ni mo ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo ti búra pé n kò bá òyìnbó sọ̀rọ̀ rí!"

Mo yọ agolo kan nínú àpò mi, mo túmọ̀ ohun tí mo kọ síbẹ̀ fún un, ní ohùn òkè, kí àwọn tó wà létí kànga lè gbọ́: Àdùkẹ́ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò èyí fún ọ. Kò ka Gẹ̀ẹ́sì. Ojú ara rẹ̀ nìkan ló ń rí láti ọjọ́ yìí.

"Ṣé ohun tó wà lábẹ́ ojú mi nìyẹn?"

"Òun ni. Èmi ni mo kọ ọ́. O ò mọ̀ sí i."

Ó wò mí títí. "Bọ̀ọ̀dá Àjàní, ẹ fi ojú mi purọ́."

Mo sọ ọpọ́n kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ìyá Làmídì ti wọ àgbàlá, wọ́n ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tí kò tíì jó. "Ẹ dáná," ni wọ́n wí, "imú mi ti ṣetán." Àdùkẹ́ ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí kóró bẹ̀rẹ̀ sí í ta èéfín, obìnrin kan ti etí kànga wọlé pẹ̀lú omi lórí. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Kí ìyá náà tó pariwo pé "Ó tó!", àwa mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta kò wá, wọn ò sì tíì padà wá títí di ìsinsìnyí. N kò lè bú wọn.

Agolo mi ti padà di agolo lásán. The Woodlands kò rà á mọ́. Ní Uptown, wọ́n ṣì máa ń bi mí pé obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín yẹn dà, mo sì máa ń sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí, láìgbójú sókè. Àwọn kan á rà, àwọn mìíràn á bá tiwọn lọ. Lọ́dọọdún, tí emi bá ti ń já bọ́, mo máa ń lọ kúnlẹ̀ sídìí ọpọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún kan gbáko ni ìyá mi jẹ wọ́n. Ó ṣì kù.

Agolo tí obìnrin yẹn dá padà wà lórí pẹpẹ mi nílé, èjí Àdùkẹ́ lára rẹ̀. Wọ́n ṣì ń pè mí sí ìpàdé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìdàgbàsókè abúlé. Tí mo bá ti wọ agbádá tán, Tèmi á gbé agolo náà wá bá mi. Mo máa ń ṣí i, mo máa ń gbóòórùn rẹ̀ dáadáa kí n tó jáde nílé.